Ohun Tí Aládùúgbò Mọ̀

Ọ̀rọ̀ ìlú ńlá ni mo gbé wá, àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

A máa ń sọ pé ìlú ńlá ò mọ ẹnì kan. A ní ará abúlé ló mọ ara wọn. Ẹni tó bá dé Èkó tàbí Ìbàdàn, kó yáa ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kó gbájú mọ́ tirẹ̀. Mo fẹ́ kí a tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò lónìí. Nínú àwọn àwárí tó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là láyé, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé àárín ìlú ńlá gan-an ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́nu ọ̀nà àwọn mẹ̀kúnnù. Dókítà kan àti àlùfáà kan ló ń kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò, tí wọ́n ń béèrè ohun tí èmi àti ẹ̀yin náà lè béèrè: omi wo lẹ ń mu? Níbo lẹ ti pọn ọ́n? Ta ló lọ pọn ọ́n wá?

London ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1854, ní àdúgbò Soho, lójú pópó tí wọ́n ń pè ní Broad Street nígbà náà. Àwa náà ní Broad Street tiwa ní Lagos Island, a ó sì padà sí Èkó kí ètò yìí tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí ti London.

Nígbà tí à ń wí yìí, London ti lé ní mílíọ̀nù méjì èèyàn. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo ìlú àgbáyé. Èèyàn ń wọ́ wá láti ìgbèríko, wọ́n ń wá iṣẹ́ ajé, ìdílé odindi kan sì lè máa gbé inú yàrá kan ṣoṣo. Ibi tí ìdọ̀tí gbogbo èrò yìí yóò máa gbà jáde ni kò sí. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Soho, ihò ni wọ́n gbẹ́, wọ́n fi bíríkì mọ ọ́n yí ká, ibẹ̀ ni wọ́n ń da ìgbẹ́ àti omi ẹlẹ́gbin sí. Ṣáláńgá ni, kò yàtọ̀. Bó bá kún, wọ́n á pe agbépòó. Ẹni tí kò bá rówó agbépòó san, ńṣe ló máa fi sílẹ̀ tí yóò máa kún bò.

Omi mímu ńkọ́? Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ń ta omi fún ilé tó bá lówó rẹ̀. Àwọn tó kù gbójú lé ẹ̀rọ ìta gbangba. Kànga ni ẹ̀rọ náà nísàlẹ̀. Lókè, irin gígùn kan ló wà lórí rẹ̀ tó ní ọwọ́. Bí ẹ bá ti ń tẹ ọwọ́ náà tí ẹ ń gbé e sókè, omi á máa tú jáde. Oríṣiríṣi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló wà ní Soho, ṣùgbọ́n ti Broad Street ló lókìkí jù. Omi rẹ̀ tutù, ó sì mọ́ lójú. Àwọn kan wà tí ẹ̀rọ mìíràn sún mọ́ wọn jù, síbẹ̀ wọ́n á rìn kọjá tiwọn, wọ́n á lọ pọn ti Broad Street. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àrùn onígbáméjì, ìyẹn kọ́lẹ́rà, kì í ṣe àjèjì sí London mọ́ lákòókò yìí. Ó ti jà níbẹ̀ lọ́dún 1832, ó sì tún padà wá lọ́dún 1848. Ẹni tó bá ti rí i rí kò ní gbàgbé. Aláìsàn á máa ya ìgbẹ́ gbuuru tó funfun bí omi ìrẹsì, á máa bì, omi ara rẹ̀ á gbẹ, ojú rẹ̀ á jìn wọnú. Ẹni tó jí lálàáfíà láàárọ̀ lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Kí ni wọ́n ní ó ń fà á? Àwọn dókítà àti àwọn aláṣẹ ìgbà náà gbà pé òórùn burúkú ni. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó ti bàjẹ́ láti ara ìdọ̀tí ni èèyàn ń fà símú tí àrùn fi ń mú un. A kò lè dá wọn lẹ́bi tán, nítorí ibi tí òórùn pọ̀ sí náà ni àrùn pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n nítorí pé imú ni wọ́n ń ṣọ́, wọn ò ṣọ́ ẹnu. Kí àdúgbò má bàa rùn, wọ́n á ṣan ìdọ̀tí sínú odò Thames, odò kan náà tí àwọn ilé-iṣẹ́ omi kan ti ń fa omi tí wọ́n ń tà fún aráàlú.

Dókítà kan wà tí kò gba ọ̀rọ̀ òórùn yìí gbọ́. John Snow ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ lébìrà ni, ìlú York ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1813, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìṣègùn ní Newcastle. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fojú kan kọ́lẹ́rà, láàárín àwọn tó ń wa èédú nínú ilẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1854, ó ti di gbajúmọ̀ nínú fífún aláìsàn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí wọ́n mọ ìrora. Òun ló fún Ọbabìnrin Victoria ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń rọbí lọ́dún 1853. Ẹni tó ti dé ààfin lè sọ pé òun kò ní ohun tí òun ń wá mọ́ nínú ilé àwọn tálákà. Snow kò sọ bẹ́ẹ̀.

Láti 1849 ló ti kọ ìwé kékeré kan, tó ní ẹnu ni kọ́lẹ́rà ń gbà wọlé, inú ìfun ló ti ń ṣọṣẹ́, ìgbẹ́ aláìsàn ló ń bá jáde, omi ló sì ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ó ní bó bá ṣe pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé e wá ni, ẹ̀dọ̀fóró ni ì bá kọ́kọ́ máa dà láàmú. Kí ló dé tó fi jẹ́ inú ni? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí.

Lóru ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1854, àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Soho. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èèyàn 127 ti kú ní Broad Street àti agbègbè rẹ̀. Ilé kan á gbé òkú méjì jáde, ilé kejì á gbé mẹ́ta. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àwọn tó rí ibi sá lọ ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, àwọn tí àrùn náà pa jẹ́ 616.

Snow kò jìnnà sí àdúgbò náà. Bí àwọn èèyàn ṣe ń sá jáde, bẹ́ẹ̀ lòun ń wọlé. Ó bu omi ẹ̀rọ Broad Street, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohunkóhun nínú rẹ̀. Omi náà mọ́ lójú. Bí ojú bá kọ̀ láti sọ òótọ́ fún èèyàn, etí ló kù. Ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó kú sílẹ̀, ó gba àkọsílẹ̀ èèyàn 83, ó sì mú un lọ́wọ́ láti ojúlé dé ojúlé.

Ó rí i pé nítòsí ẹ̀rọ náà ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn kú sí. Mẹ́wàá péré ló kú nínú ilé tó sún mọ́ ẹ̀rọ mìíràn jù. Ẹlòmíràn ì bá ti fò wọ́n dá, kó ní mẹ́wàá nínú 83 kò tó nǹkan. Snow tọ àwọn ẹbí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ. Márùn-ún nínú wọn sọ fún un pé omi Broad Street làwọn máa ń ránṣẹ́ lọ pọn, torí àwọn fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ìtòsí lọ. Mẹ́ta jẹ́ ọmọdé tí ilé-ìwé wọn wà nítòsí ẹ̀rọ náà. Ta ni ì bá sọ èyí fún un bí kò ṣe ìyá ọmọ, bàbá ọmọ, àti ará ilé?

Ibi tí ọgbọ́n ọkùnrin yìí wà gan-an nìyí: bó ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ àwọn tó kú, bẹ́ẹ̀ ló ń béèrè ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kú. Ilé kan wà ní Poland Street tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí, èèyàn 535 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú àwọn ilé tó yí i ká, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ni kọ́lẹ́rà pa níbẹ̀. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, ṣé afẹ́fẹ́ mọ bí a ṣe ń yà fún ògiri ni? Snow wọlé, ó béèrè, wọ́n sì fi kànga tiwọn hàn án nínú ọgbà. Ilé-iṣẹ́ ọtí bíà kan náà wà lójú Broad Street, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lé ní 70, kò sí ẹnì kankan tó kú nínú wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ sọ fún un pé àwọn ní kànga tàwọn, pé ìwọ̀n ọtí kan sì tọ́ sí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kò dá òun lójú pé wọ́n ń mu omi rárá. Ní ilé-iṣẹ́ mìíràn lójú pópó kan náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò ìbọn, àgbá omi méjì ló wà fún àwọn òṣìṣẹ́ láti máa bu mu, ẹ̀rọ Broad Street ni wọ́n sì ti ń pọn ọ́n. Èèyàn 18 ló kú nínú wọn.

Ẹ̀rí tó wá di gbogbo ẹnu ni ti ìyá àgbàlagbà kan. Opó ni, Hampstead ló ń gbé, lórí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti dára, ó sì jìnnà sí Soho. Kọ́lẹ́rà kò sí ní Hampstead. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ti gbé Broad Street rí, omi ibẹ̀ sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé kò lè mu òmíràn. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tó máa ń ti Broad Street lọ sí Hampstead lójoojúmọ́ ló ń bá a gbé ìgò ńlá kan lọ. Wọ́n gbé omi lọ fún un lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ. Ó mu ún lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tún mu ún lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ló kú. Ọmọ ẹbí rẹ̀ obìnrin kan tó wá kí i mu nínú omi náà, ó padà sílé rẹ̀ ní Islington, níbi tí kọ́lẹ́rà kò sí, òun náà sì kú. Ọmọkùnrin ìyá náà ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgò yìí fún Snow. Afẹ́fẹ́ Soho kò lè wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Hampstead. Omi ló wọ̀ ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án, Snow lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àdúgbò níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé wọn tán, síbẹ̀ wọ́n gbà pé kí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yọ ọ́. Kí n má purọ́ fún yín, àrùn náà ti ń rọlẹ̀ nígbà yẹn, nítorí pé èèyàn púpọ̀ ti sá kúrò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ aláṣẹ fi sọ pé ọwọ́ ẹ̀rọ kọ́ ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀ bí kò bá sí àlùfáà kan.

Henry Whitehead ni orúkọ àlùfáà yìí. Ìjọ St Luke's tó wà nítòsí Broad Street ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì pé ọmọ 30 ọdún. Nígbà tí àrùn ń jà, òun ló ń wọ ilé tọ àwọn ará àdúgbò lọ, tó ń jókòó ti aláìsàn, tó ń gbàdúrà fún ẹni tó ń kú lọ. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Snow, kò gbà á. Ó ní òun mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tó mu omi náà tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ó wá pinnu láti ṣèwádìí fúnra rẹ̀, kó lè fi hàn pé Snow ṣìnà.

Ohun tí Snow kò ní ni Whitehead ní: àwọn ará àdúgbò mọ̀ ọ́n, òun náà sì mọ̀ wọ́n. Ó mọ ẹni tó ń gbé yàrá òkè, ó mọ ẹni tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, ó mọ ẹni tó sá lọ àti ibi tó sá lọ. Ó ń padà sí ilé kan náà léraléra, nítorí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í rántí gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti sọ lákọ̀ọ́kọ́ pé ọkọ òun kò fẹnu kan omi náà lè wá rántí lẹ́yìn náà pé, àní, ọmọ àwọn bu ife kan wá fún un lóru. Bó ṣe ń béèrè tó, bẹ́ẹ̀ ni èrò Snow ń yé e sí. Níkẹyìn, ó gbà.

Ó rí ohun kan tí ọ̀mọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì kò lè rí láé. Ọ̀pọ̀ arúgbó tó ń dá gbé, àwọn opó tí ara wọn kò le, wọ́n là á já. Ó ya àwọn èèyàn lẹ́nu, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára ni a rò pé àrùn yóò kọ́kọ́ mú. Whitehead mọ ìdí rẹ̀: wọn ò ní ọmọ tí wọ́n lè rán níṣẹ́ omi. Ilé tí ọmọ kún, tí ọmọdé ń sáré lọ sáré bọ̀ nídìí ẹ̀rọ, ni ikú pọ̀ sí.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1855, Whitehead ń yẹ àkọsílẹ̀ àwọn òkú wò, ojú rẹ̀ sì bà lé orúkọ ọmọ ọwọ́ kan ní ojúlé 40 ní Broad Street. Ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó pa á, pé ó sì ti ń ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kú lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án. Ó fi ìka kà á: àìsàn ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú kí àjàkálẹ̀ tó dé. Iwájú ilé yẹn gan-an sì ni ẹ̀rọ náà wà. Ó fi ohun gbogbo sílẹ̀, ó lọ bá ìyá ọmọ náà. Ó bi í léèrè bó ṣe ń ṣe ìlédìí ọmọ nígbà tí àìsàn náà le. Ìyá náà sọ fún un pé òun máa ń rẹ ẹ́ sínú omi nínú korobá, òun á sì da omi náà sínú ihò ìdọ̀tí tó wà níwájú ilé.

Wọ́n ní kí wọ́n hú ilẹ̀ ibẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọjá àfẹnusọ. Láti ihò ìdọ̀tí náà sí ògiri kànga, kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Bíríkì ihò náà ti jẹrà, erùpẹ̀ àárín òun àti kànga sì ti rin gbingbin. Omi ìlédìí ọmọ kan ti jò sínú omi tí gbogbo àdúgbò ń mu.

Ohun kan tún wà. Bàbá ọmọ náà, kọ́lẹ́rà mú òun náà lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ihò kan náà ni wọ́n ń da ìdọ̀tí tirẹ̀ sí. Ká ní ọwọ́ ẹ̀rọ náà ṣì wà níbẹ̀ ni, ìjì kejì ì bá tún jà ní Soho.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má fi ìka àléébù sí ìyá yẹn. Ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, ó ń fọ aṣọ ọmọ rẹ̀, ó sì da omi rẹ̀ síbi tí gbogbo ilé ń da tiwọn sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ihò ìdọ̀tí àti kànga ti fẹnu ko ara wọn lábẹ́ ilẹ̀. Àìmọ̀ ló pa èèyàn 616, àìmọ̀ tí ó jẹ́ ti gbogbo àdúgbò lápapọ̀.

Snow kò pẹ́ láyé. Ó kú lọ́dún 1858, lẹ́ni ọdún 45, kí ayé tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni òórùn odò Thames le débi pé àwọn aṣòfin kò lè jókòó sílé ìgbìmọ̀, ni wọ́n bá gbé owó kalẹ̀ fún Joseph Bazalgette láti la ọ̀nà ìdọ̀tí sábẹ́ gbogbo ìlú. Lọ́dún 1884, Robert Koch, dókítà ará Jámánì, fi kòkòrò tó ń fa kọ́lẹ́rà hàn kedere. Lónìí, ẹ̀rọ kan wà ní ojú pópó náà ní Soho fún ìrántí. Wọn ò fi ọwọ́ sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àwa ará Èkó náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jà fún omi. Orí erékùṣù ni Ìsàlẹ̀ Èkó wà, ọ̀sà ló yí i ká, èèyàn sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ní Kakawa Street, João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil láti kékeré tó sì padà wálé, ní kànga nínú ilé rẹ̀, ó ń ta omi fún àwọn ará àdúgbò. Ilé náà ni wọ́n ń pè ní Ilé Olómi. Lọ́dún 1915 ni omi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti Ìjú wọ Èkó. Èyí náà kò wá bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà: láti 1908 ni àwọn ará Èkó ti ń fi ẹ̀hónú hàn nítorí owó omi tí ìjọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tó gbè sẹ́yìn wọn.

Ẹ ó sì rántí àwọn wolé-wolé, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó. Ẹ̀yin àgbà inú wa mọ̀ wọ́n dáadáa. Bí wọ́n bá yọ níkòríta, ọmọdé á ti sáré wálé, á ní, “Wolé-wolé ń bọ̀ o!” Ìyálé ilé á gbá ẹ̀yìnkùlé, á da omi ọjọ́ mẹ́ta nù, á bo ìkòkò. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ṣí àmù, wọ́n á wò ó bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, wọ́n á yẹ ṣáláńgá wò, wọ́n á wo gọ́tà. A ń bẹ̀rù wọn nítorí ìwé ẹjọ́ tí wọ́n lè já lé èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìrìn tí Snow àti Whitehead rìn náà ni wọ́n ń rìn, láti ojúlé dé ojúlé. Ó ń dùn mí pé iṣẹ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí wa mọ́, nítorí kọ́lẹ́rà kò tíì fi wá sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ó bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì gba ẹ̀mí èèyàn. Ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island, Kòsọ́fẹ́ àti Etí-Ọ̀sà wà lára ibi tó ti jà jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò nìyí. Ní àdúgbò wa, pulọ́ọ̀tì kan kì í ju ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 60 ní fífẹ̀, àti bí 100 sí 120 ní gígùn. Ẹlòmíràn, àbọ̀ pulọ́ọ̀tì ló rà. Àwọn onímọ̀ ìlera sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí nǹkan bí mítà 30, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100, wà láàárín kànga àti ṣáláńgá tàbí sọkawéè. Ẹ fọkàn ṣírò rẹ̀. Onílé kan gbẹ́ kànga sí igun ọ̀tún lẹ́yìnkùlé, ó gbé sọkawéè rẹ̀ lọ sí iwájú ilé, ó rò pé òun ti ṣe dáadáa. Ó ṣe dáadáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jọ pín fẹ́ǹsì lẹ́yìn, igun kan náà ló gbé sọkawéè tirẹ̀ sí. Bíríkì fẹ́ǹsì ló wà láàárín wọn lókè ilẹ̀. Nísàlẹ̀, kò sí fẹ́ǹsì kankan. Onílé yìí lè pa omi rẹ̀ mọ́ títí, kó kun ògiri kànga ní sìmẹ́ǹtì, kó fi ìdérí onírin bò ó, bí kò bá mọ ibi tí ihò aládùúgbò rẹ̀ wà, kò tíì mọ irú omi tó ń mu. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀rọ̀ omi ní ìlú ńlá, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, mo ní iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ onílé ní gbogbo àdúgbò. Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ owó ọdẹ àti owó iná tán, ẹ mú bébà kan, ẹ ya òpópónà yín sí i. Ẹ fi àmì kan sí ibi tí kànga àti bọ́hóòlù wà, ẹ fi àmì mìíràn sí ibi tí ṣáláńgá àti sọkawéè wà. Kí onílé kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀. Snow ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún Soho, ó fi ìlà dúdú kékeré dúró fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó kú. Ẹ̀yin, ẹ ya tiyín kí ẹnikẹ́ni tó kú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbẹ́ kànga, ẹ fi bébà náà hàn án kó tó pe agbẹ́kànga.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ onílé nìyí. Ẹ̀yin lẹ ń pọn omi náà. Bí omi kànga bá ti ń yí àwọ̀ tàbí òórùn padà lẹ́yìn òjò, ẹ sọ ọ́ jáde. Bí kò bá sì yí padà, ẹ rántí pé omi Broad Street mọ́ lójú. Ẹ se omi mímu kó hó dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ bò ó. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu ìdí ọmọ, àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Omi ìlédìí ọmọ, ẹ má dà á sí ẹ̀bá kànga tàbí gọ́tà. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ dà á sí.

Bí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì bá mú ẹnì kan nínú ilé yín, ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ bu omi tó mọ́, lítà kan, ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà sí i, àti ìlàjì ṣíbí kan náà iyọ̀, kí ṣíbí má kún ju etí rẹ̀ lọ. Ẹ máa fún aláìsàn mu díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ará ilé kejì. Ẹ sọ fún ìyálọ́jà, fún ìmáàmù, fún pásítọ̀, fún òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Bí ẹnì mẹ́ta bá ṣàìsàn ní òpópónà kan, tí oníkálukú ti ilẹ̀kùn mọ́ tirẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé mẹ́ta ni wọ́n. Bí wọ́n bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ di ọ̀kan, a ó sì lè wá ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kí ìlú tóbi kọ́ ló ń sọ ará ìlú di àjèjì sí ara wọn. Àìbéèrè ni. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, abèèrè-omi náà kì í ṣìkú. Kí a tó tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, ẹ kan ilẹ̀kùn ilé kan tí ẹ kò kàn rí ní àdúgbò yín. Ẹ kí wọn. Ẹ béèrè orúkọ ọmọ wọn, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Bí wọ́n bá bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ sọ fún wọn pé omi kan náà ni gbogbo yín ń mu.